Wáyà Eyín àti Ìtọ́jú Èrìgì

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orín ni àgbà kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́. Bí ẹnì kan ti ń run pákò Ìjẹ̀bú tí ó korò, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ń run orín ata tí ń ta ahọ́n. Wọn kì í kánjú rárá. Sùúrù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé rántí bí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa wáyà eyín.

Oníṣègùn eyín ni ó máa ń so wáyà yìí mọ́ eyín tí ó wọ́ tàbí tí ó gun ara wọn, kí ó lè fà wọ́n bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń wà lẹ́nu fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì. Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ ọlọ́rọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ó ń ba eyín jẹ́. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ní ọdún 1683, ará ilẹ̀ Họ́láńdì kan tí ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek ha ìdọ̀tí ara eyín rẹ̀, ó fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ó sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò báyìí wà lẹ́nu gbogbo wa. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti rí ju 700 lọ, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe wá ní ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn kan nínú wọn a sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ ara eyín. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jọ sí ìdí eyín, èrìgì, èyíinì ni ẹran tí ó yí eyín ká, a pọ́n, a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Kí ni wáyà wá fi kún un? Ẹni tí ó bá ṣọgbà yí oko rẹ̀ ká mọ̀ pé ìdí ọgbà ni ewé gbígbẹ máa ń há sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oúnjẹ ń há sí abẹ́ wáyà, tí kòkòrò sì ń pọ̀ níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmì funfun lè yọ lára eyín ẹni tí kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Wáyà kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ìdọ̀tí tí a fi sílẹ̀ ni. Èrìgì wíwú tí a bá tètè tọ́jú a máa san, ṣùgbọ́n bí a bá kọ etí ikún sí i, ó lè ba egungun tí ó di eyín mú jẹ́, títí eyín yóò fi máa mì.

Àwọn baba wa ní, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èrè kí ni ó wà nínú eyín títò tí èrìgì rẹ̀ ń jẹrà? Nítorí náà, ọmọ tí kò tíì mọ ẹnu rẹ̀ fọ̀ dáadáa kò tíì tó gba wáyà. Bí ó bá sì jẹ́ èjí ni ẹnì kan fẹ́ dí nítorí àṣà ìgbàlódé, kí ó rántí pé ẹwà ni Yorùbá ka èjí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jẹun bí ó ti yẹ, kí ó má bẹ̀rù wáyà.

Àwọn oníṣègùn tí ń to eyín wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè bá ọmọ Ṣágámù tàbí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ délé. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí olówáyà yọ omi sẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ gbogbo. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ abẹ́ wáyà, nítorí pákò kò lè dé ibẹ̀. Kí ó yẹra fún súwíìtì tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, kí ó má sì fi eyín fọ́ egungun tàbí obì gbànja tí ilẹ̀ Rẹ́mọ fi lókìkí.

Pákò lè di búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n sùúrù àwọn baba wa kò gbọdọ̀ di ìkánjú. Wáyà ni ó ń to eyín; ìmọ́tótó ni ó ń dá a sí.