Fífi Ẹ̀rọ Wo Inú Ẹ̀dọ̀fóró: Kí A Má Sá Fún Un, Kí A Má Sì Sáré Sí I

Ẹ̀yin ará wa ní Ogudu, ní Ojota, ní Kétu àti ní gbogbo agbègbè Kosofe, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ikọ́ tí kì í lọ ni, àti ọ̀rọ̀ èémí tí kì í délẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín igi ìdáná, èéfín sìgá àti eruku òpópó pọ̀ láàárín wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná tí ó sọ ní ààtàn Olusosun ní Ojota fi èéfín bo àwọn ilé tí ó yí i ká. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń gbé irú àyíká bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé a ń rí àgbàlagbà tí ikọ́ kò fi sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àti ìyá tí kò lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀ kí ó má dúró mí.

Nígbà mìíràn, oníṣègùn a máa sọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pé ó yẹ kí a fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bronchoscopy ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Ibẹ̀ ni ẹbí máa ń pín sí méjì. Apá kan á ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ẹnikẹ́ni kò ní í ki nǹkan bọ bàbá wa lọ́fun.” Apá kejì á ní kí a tà, kí a yá, kí a ṣe é kíákíá, nítorí pé ẹ̀rọ òyìnbó kì í purọ́. Ní tiwa, àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn kù díẹ̀ káàtó. Àyẹ̀wò yìí wúlò púpọ̀ nígbà tí ìbéèrè kan pàtó bá wà fún un láti dáhùn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣe fún gbogbo ẹni tí ń wúkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní ọdún 1897, oníṣègùn ará Jámánì kan, Gustav Killian, fi ọ̀pá yọ eegun tí ó há sí ọ̀nà èémí àgbẹ̀ kan. Ní nǹkan bí ọdún 1966, Shigeto Ikeda, ará Japan, gbé irú èyí tí ó ṣe é tẹ̀ jáde. Irú rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ lónìí: ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí ó ní iná àti ojú ní ṣóńṣó orí. Wọn á fi oògùn mú kí ọ̀fun kú tipiri, wọn á fún aláìsàn ní oògùn tí yóò mú un tòògbé, wọn á sì ti ohun náà gba imú tàbí ẹnu wọ ọ̀nà èémí. Oníṣègùn á wo inú, á fi omi ṣan ibi tí ó fura sí, á sì lè gé ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Bí ènìyàn bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, bí fọ́tò àyà bá fi kókó kan hàn tí a ń fura sí jẹjẹrẹ, tàbí bí gbogbo àmì bá jọ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a kò sì rí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyẹ̀wò yìí lè sọ òtítọ́ tí oògùn àbáfò kò lè sọ láéláé. Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, ẹ fetí sí èyí. Ọmọ tí ẹ̀pà tàbí ìdérí báírò bá ṣèèṣì bọ́ sí ní ọ̀nà èémí lè máa wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ pípẹ́, kí a máa pè é ní òtútù. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àyẹ̀wò nìkan. Òun gan-an ni ìwòsàn, nítorí òun ni a fi ń yọ ohun tí ó há. Ibẹ̀ kọ́ ni a ti ń ṣe iyèméjì.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó ní ásímà, tàbí ẹni tí èéfín ti ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kì í sábà nílò kí a ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lọ́fun kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é. Kí ó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní spirometer tó láti fi mọ bí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti dí tó. Ẹni tí a fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ GeneXpert a máa fún wa ní èsì láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ewu rẹ̀ ńkọ́? Ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀fun dídùn, ikọ́ àti ibà ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ara lè lọ sílẹ̀. Ọ̀nà èémí alásímà lè fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà níbi tí a ti gé ẹran. Bí a bá gé ẹran láti inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an, afẹ́fẹ́ lè jò jáde kí ẹ̀dọ̀fóró sì sún kì. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni 1 títí dé ẹni 6 nínú 100. Bí a kò bá fọ ẹ̀rọ náà dáradára, ó lè kó àrùn ẹnì kan ran ẹlòmíràn. Ikú kò wọ́pọ̀ rárá. Síbẹ̀, ewu pọ̀ jù fún ẹni tí èémí rẹ̀ ti kúrú tẹ́lẹ̀, ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù sì ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní: kí ni ẹ fẹ́ rí tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti fọ́tò àyà kò lè fi hàn? Èkejì: bí ẹ bá rí i, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú mi? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò ṣe é, ṣé ọ́síjìn sì wà nílẹ̀? Bí èsì méjì àkọ́kọ́ kò bá ní láárí, kí a dúró. Bí wọ́n bá ní láárí, tí ọwọ́ tí yóò ṣe é sì dáńtọ́, kí ẹ̀rù má bà wá. Kí aláìsàn pẹ̀lú sọ gbogbo oògùn tí ó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ó má jẹun fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Kí ó má sì wa ọkọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iṣẹ́ yín nìyí. Òfin ìbánigbófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ ìbánigbófò di dandan fún gbogbo ènìyàn, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní ètò tirẹ̀ tí a ń pè ní Ìlera Èkó. Nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé Ogudu, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè ọ̀dà ara ògiri. Ẹ bi wọ́n bóyá spirometer wà ní ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín ní Gbàgádà. Ẹ bi wọ́n bóyá ètò ìlera yóò gbé owó bronchoscopy fún tálákà tí oníṣègùn bá darí sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí ní Ìdí-Àràbà. Kò tọ́ kí ó jẹ́ pé olówó ni yóò ṣe àyẹ̀wò tí kò nílò, kí tálákà tí ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ máa mu àgbo nílé.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kí a tètè wò ó, kí a sì fi ọgbọ́n wò ó, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.