Ẹ Yé Fa Ajá Lọ́rùn

Ẹ̀yin ará wa ní Westchase, ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn kan, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Wilcrest, ẹ̀gbọ́n kan ń wọ́ ọmọ ajá wọn bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ṣéènì irin ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ajá ń wúkọ́. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Wọ́n ní, "Àbúrò, ajá lajá ń jẹ́. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi náà, ṣé mi ò gbọ́n ni?"

Ta ló sọ fún wa pé láìsí ìrora, kò sí ẹ̀kọ́? Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni mò ń kó wá. Rárá o. Àwa náà la máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ṣéènì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ tú ajá sílẹ̀ sójú títì Westheimer, mọ́tò á pa á. Okùn pọndandan. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra èyí tó ń gba àyà, kó máa wọ̀ ọ́ ní pálọ̀ títí ara ẹ̀ á fi mọ́lé. Ẹ gé adìyẹ bíbọ̀ wẹ́wẹ́ (ẹ má fi àlùbọ́sà sí i o, májèlé ni fún ajá). Tó bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí okùn dẹ̀, ẹ fún un ní ẹyọ kan. Tó bá fà, ẹ dúró gbagidi, ẹ má fà á padà. Okùn tún dẹ̀? Ó yá, ẹ máa lọ. Ó máa ń súni, n ò ní purọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 lèmi àti ajá mi lò láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. Ẹ sì tètè jáde láàárọ̀, nítorí kọnkéré Houston lóṣù Kẹjọ ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá.

Ní 2021, American Veterinary Society of Animal Behavior kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni ká máa fi kọ́ gbogbo ajá, kì í ṣe ìyà. Wales ti fòfin de kọ́là oníná láti 2010. Ní Texas wa níbí, láti oṣù Kìíní 2022, òfin ò gbà ká fi ṣéènì so ajá mọ́ta láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, ó ń wo ọwọ́ bàbá ẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ inú àpò mi. Ó tẹ̀ síwájú, ajá tẹ̀ lé e, okùn dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n má ba ajá àwọn jẹ́.