Ọwọ́ Tó Yẹ Kó Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tí àgbà bá fẹ́ rán ọmọdé níṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí, bí ẹni pé apá kejì rẹ̀ nìkan ló ní ìtumọ̀. Apá àkọ́kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fúwíà fún àwọn báńkì l'Ékòó. Wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá wọn sì ń sọ pé owó òkè òkun ló ń fà wọ́n.

Owó ń fà wọ́n lóòótọ́. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ ní báńkì; nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti kọjá 1,500. Ta ló máa bá ọmọ tó rí iṣẹ́ olówó dọ́là wí? Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń jápa. Àwọn mìíràn kàn kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn ládùúgbò kan náà ni, tí owó oṣù ò sì fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń sá fún nǹkan.

Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, tí owó náírà tuntun di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn aláta pàápàá ń gba owó sórí fóònù. Báńkì á yọ owó lọ́dọ̀ ẹni tó rajà, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀. Gbogbo wa ń ṣépè fún báńkì. Ká wá fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan tí iṣẹ́ òru já lé léjìká lásìkò yẹn. Aago méjì òru ti lù, iná ti lọ, bátìrì inverter ń ké pé òun fẹ́ kú. Ó ti rí ibi tí àléébù ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ títí, kò gbé e. Ó kọ̀wé sí i lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i.” Ẹ̀gbọ́n kà á, èsì ò wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìpàdé ni: “Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ àná?”

Àṣẹ yẹn ni pẹpẹ. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ò tó o. Ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ tó o ò sì dáhùn.

Àtìlẹ́yìn ni ọmọ náà ò rí gbà. James House, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, pín àtìlẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ sí mẹ́rin nínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1981: kí wọ́n bá ènìyàn kẹ́dùn, kí wọ́n bá a gbé nínú ẹrù rẹ̀, kí wọ́n la ọ̀nà hàn án, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lójú wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ́n jù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá tó mọ ìbáwí pọ̀. Èyí tó máa sọ pé “o kú iṣẹ́ òru àná” ò tó nǹkan. Small chops tí wọ́n ń pín níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ò sì lè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ò sì tó. Nínú ìwádìí tí Jo Ellen Moore tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 nípa àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn tí iṣẹ́ ti tán lókun ni ọkàn wọn fà jù sí àtilọ. Nígbà tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tó fa àárẹ̀ náà, àìtó òṣìṣẹ́ àti àìtó ohun èlò wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù.

Ibi tí kèrègbè ti wọlé nìyí. Ọ̀gá lè rò pé bí eléyìí bá lọ, òun á gba ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n orí ẹni tó ń lọ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ tirẹ̀ wà: ìdí tí wọ́n fi kọ ìlà kan báyìí, ibi tí ènìyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lópin oṣù. Ọwọ́ ọ̀gá ò wọ ibẹ̀. Láti ọdún 1975 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà Fred Brooks ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí iṣẹ́ sọ́fúwíà bá ti pẹ́, fífi ènìyàn tuntun kún un á tún mú un pẹ́ sí i, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n á dá iṣẹ́ dúró láti kọ́ àwọn tí ò mọ̀. Ká tiẹ̀ wá ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi iṣẹ́ òru sọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹ yan méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn kí ẹ tó pè wọ́n sí ìpàdé.