Rírẹ Káàdì Kì í Ṣe Rírẹ́ Ẹ

Àmì ohùn nìkan ló ya rẹ sọ́tọ̀ sí rẹ́ lédè wa, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń kó káàdì bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ l'Amẹ́ríkà, ọ̀gbun ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó rẹ káàdì sómi yọ gọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀; ẹni tó rẹ́ ẹ gé lára káàdì fúnra rẹ̀, kí etí tó ti gbó lè dà bíi tuntun. Ẹ wo káàdì T206 tí ilé iṣẹ́ American Tobacco ń fi sínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911. Àwọn ọmọdé ìgbà náà fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ìwé. Ta ló mọ̀ pé wọ́n á di ọjà olówó gọbọi? Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ̀kan lónìí á rẹ ẹ́ sínú omi lásán títí gọ́ọ̀mù yóò fi rọ̀, á rọra ṣí i, á fi bébà tó ń fa omi bò ó lójú méjèèjì, á sì gbé ìwé ńlá lé e kó má baà ká kò. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kì í ṣe ti káàdì ni omi mú lọ.

Àwọn olùyẹ̀wò bíi PSA, tí ń fún káàdì ní máàkì láti 1 dé 10, kì í fún èyí tí wọ́n bá rí i pé a rẹ́ létí tàbí tí a tún kùn ní máàkì kankan. Ní ti omi lásán, ohun tójú wọn bá rí ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́: bí gọ́ọ̀mù bá ṣẹ́ kù tàbí tí ẹ̀yìn káàdì bó, máàkì á wálẹ̀, bí kò bá sí àpá, kí ni wọ́n fẹ́ wí? Àwọn kan wá ní bí olùyẹ̀wò kò bá rí nǹkan, kò yẹ kí olùtà sọ nǹkan. Ibẹ̀ ni n kò ti lè bá wọn lọ. Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, lọ́dún 1991, ni T206 ti agbábọ́ọ̀lù Honus Wagner. 8 ni wọ́n fún un. Lọ́dún 2013, Bill Mastro tó tà á rí jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun ti rẹ́ etí rẹ̀. Máàkì ń sọ bí káàdì ṣe rí, kò sọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Àwọn tó ń tọ́jú bébà àtijọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù náà ń fi omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, torí bébà tó mumi a máa wú, ó sì lè má dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Olùtà á ní bí òun bá sọ ọ́, owó á já. Ó lè já lóòótọ́. Bí ó bá já, a jẹ́ pé owó àìmọ̀ ni olùrà ìbá san, ìyẹn sì ti kúrò ní rírẹ, ó ti di ìrẹ́jẹ. Ìlà kan péré lábẹ́ àwòrán ọjà ti tó: omi lásán ni wọ́n fi yọ ọ́.