Ẹ wo pákó kí wọ́n tó fọ̀dà kùn ún

Owó ìrókò làwọn kan ń san, arère ni wọ́n ń gbé délé. Ọ̀dà ló ń bo àṣírí ẹ̀, àfìgbà tíkán bá débẹ̀.

Arère funfun, ó sì fúyẹ́. Ìrókò ní tiẹ̀ wúwo, inú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ló ń dúdú sí i. Ikán kì í tètè rí i jẹ, òun ni wọ́n ṣe ń fi ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣùgbọ́n inú igi nìkan ló le bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó funfun, ikán ń jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá ń ṣe ilẹ̀kùn, kó gbé pákó wò ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kí ọ̀dà tó kàn án, kó sì ní kí wọ́n gé ibi tó funfun dànù.