Kí Màmá tó wọ ọkọ̀ ilé lókè òkun

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà pàápàá, tiyín ni ọ̀rọ̀ òní.

Bí oṣù kẹfà bá ti ń wọlé nílùú Gẹ̀ẹ́sì, tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn, àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ máa ń ránṣẹ́ pe Bàbá àti Màmá. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í fẹ́ kí òbí jókòó sílé lásán. Wọ́n á háyà ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome, kí tọmọdé tàgbà lè jọ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ yìí fẹ́ jọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà, fíríìjì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Ọkọ̀ ilé ni ká máa pè é.

Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n máa ń gbé e lọ ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, ní òkè Scotland. Ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Láti ìlú Inverness ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba etí òkun àríwá yí ká, wọ́n á sì padà sí Inverness. Gbogbo rẹ̀ lé ní 800 kìlómítà.

Ìgbádùn ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọkọ̀ ni, ilé sì tún ni. Ewu ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ewu ilé náà wà níbẹ̀. Èyí tó wá máa ń dá kún un fún àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ: "Mi ò fẹ́ yọ àwọn ọmọ lẹ́nu." Ẹ rántí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ má jókòó sójú kan

Bí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ wa ló ń bá wa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá jókòó pẹ́ láìmira, ẹ̀jẹ̀ náà á máa fà nílẹ̀, ó sì lè dì. Bí èyí tó dì bá já, tó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn lójijì. Lọ́dún 2007, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ ewu yìí di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Kì í ṣe bàálù nìkan o, mọ́tò, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè wà níbẹ̀. Lóòótọ́, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 ni wọ́n ní ó máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ewu náà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbàlagbà, ẹni tó sanra, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún àti ẹni tó ti ṣe rí.

Òfin ojú pópó ìlú Gẹ̀ẹ́sì gan-an gba awakọ̀ níyànjú pé kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Bí ọmọ yín bá gbàgbé, ẹ rán an létí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn. Bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ máa gbé e sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ wá dókítà lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ń há yín, tàbí àyà ń dùn yín bí ẹ bá ń mí, ẹ ní kí wọ́n pe 999 kíákíá.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Dandan ni. Ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹ má sì gbé ọmọ-ọmọ sórí itan tàbí sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì tíì ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, ìjókòó ọmọdé ni tirẹ̀.

Omi àti oògùn

Àwọn àgbà kan wà tí kì í mu omi rárá lójú ọ̀nà, tí wọ́n tún máa ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ara á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì ga. Ẹ má dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, torí ẹ lè ṣubú. Ẹ ní kó dúró. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ di oògùn tó máa tó yín, kó tiẹ̀ ṣẹ́ kù fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé tí dókítà kọ orúkọ wọn sí. Àwọn abúlé òkè Scotland jìnnà síra wọn, ọ̀nà ibòmíràn sì tóóró débi pé ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èkejì tó kọjá. Ọsibítù ńlá Raigmore, Inverness ló wà. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kẹ́ ẹ tó sọ pé ara yín kò yá.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ kò tíì ṣí sí, àmọ́ kó má kan ibi tó ń di yìnyín. Èyí tó bá ti dì rí kò wúlò mọ́. Gáàsì, bátìrì tàbí iná ibi tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí ni fíríìjì ọkọ̀ ilé máa ń lò. Bí ẹ bá ti dúró, ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ tí kò lóòórùn

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ jù. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ẹbí tó tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà sùn, tí wọn kò jí mọ́. Carbon monoxide lorúkọ afẹ́fẹ́ tó ń ṣe é. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í sì í ta lójú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju afẹ́fẹ́ dáadáa tí à ń mí lọ, kò sì ní í jẹ́ kí ọpọlọ àti ọkàn rí tiwọn gbà. Inú ọkọ̀ ilé kéré, tí wọ́n bá sì ti pa gbogbo fèrèsé dé nítorí òtútù, kì í pẹ́ kó tó kún.

Sítóòfù gáàsì tí iná rẹ̀ ń pọ́n dípò kó jẹ́ búlúù lè fà á, ẹ̀rọ amúlégbóná tí kò dára náà lè fà á. Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù fún wa ni èédú, torí a fẹ́ràn ẹran yíyan. Òjò á dé, wọ́n á ní kí wọ́n gbé èédú sábẹ́ tẹ́ǹtì ara ọkọ̀. Òtútù á mú Màmá, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e wọlé kára wọn lè móoru. Ẹ má gbà! Èédú tó dà bíi pé ó ti kú ṣì ń tú afẹ́fẹ́ yìí jáde fún wákàtí púpọ̀. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Ìta gbangba ni kó sùn. Ẹ wọ súwẹ́tà, ẹ da kúbùsù bora.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá wọlé wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ dí ihò atẹ́gùn.

Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Àwa á ní ibà ni, a ó gbé panadó jẹ, a ó sì sùn. Oorun yẹn ló ń pani. Bó bá ti mú ju ẹnì kan lọ, tí ara sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá bọ́ síta, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 999, ẹ má sì padà wọlé.

Àmọ́ ibà gidi lè dé o. Ibà tẹ́ ẹ gbé láti Nàìjíríà lè farahàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ara yín bá gbóná, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra ìwé adójútòfò ìlera fún yín pẹ̀lú, torí bí wọ́n bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù, owó ńlá ni wọ́n lè ní kó san.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró kí Màmá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ọ́ síta. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.