Kí Ni Bọ́ọ̀sì Jí Tí A Fi Mú Un?

Irú Yorùbá tí ń ti ẹnu àwa akàwé jáde, tí ó sì ń wọ inú iṣẹ́ ògbufọ̀ wa, tó gẹ́ẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnìkan yóò ní òun "mú bọ́ọ̀sì" lọ sí Dùgbẹ̀. Òmíràn yóò ní iṣẹ́ òun "mú wákàtí méjì". Ẹlòmíràn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àlejò "mú ìjókòó". Ẹ gbà mí o! Kí ni bọ́ọ̀sì jí tí wọ́n fi mú un?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "take", ni ó ń ṣi wọ́n lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù púpọ̀ lé e lórí: àwòrán, oògùn, ìbúra, ìwẹ̀, ìdánwò. Kò burú, èdè wọn ni. Ṣùgbọ́n àwa ń ya àwòrán, à ń lo oògùn, à ń búra, à ń wẹ̀, à ń ṣe ìdánwò, à ń wọ ọkọ̀. Níbo ni "mú" wà níbẹ̀?

Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé èdè tí kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún "take" kò tíì kún tó. Irọ́ ni! Bí mo bá ní "gbé e", o ti mọ̀ pé ohun náà tóbi tàbí pé ó wúwo. Bí mo bá ní "kó wọn", o mọ̀ pé wọ́n pọ̀. "Bù ú" fi hàn pé díẹ̀ ni o ó bù nínú púpọ̀. "Gbà á" fi hàn pé ọwọ́ ẹnìkan ni ó wà. "Take" nìkan kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Èwo ni tálákà nínú méjèèjì?

Àjàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì mọ èyí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo "take" fún búrẹ́dì àti fún ibùsùn, wọ́n kọ "gbà" fún ti àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ "gbé" fún ti èkejì.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Gẹ̀ẹ́sì alára kò bí "take" sílé. Ọwọ́ àwọn ará Scandinavia tí wọ́n ya wọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti yá a, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ó ṣe, àlejò yìí lé "niman", tí í ṣe onílé, jáde pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni "mú" yìí yóò ṣe lé "wọ̀" àti "lò" jáde bí a bá dákẹ́.

N kò ní kí a má yá ọ̀rọ̀ o. Ẹni tí ó yá "bọ́ọ̀sì" yá orúkọ ohun tí kò sí nílé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó "mú" bọ́ọ̀sì ta ogún bàbá rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó túmọ̀ "take", ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ọwọ́ ń ṣe?